Àdúrà Ni Mo Ṣe, 'No' Ló Tẹ̀

Rárá. Lónìí, mi ò lọ. Kí wọ́n pe ọlọ́pàá, kí wọ́n pe ẹni tó bá wù wọ́n, mi ò kúrò lórí ìlà yìí. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, mo máa wọlé. Bí mo bá wọlé, mo máa dé ìdí gíláàsì yẹn. Bí mo bá sì dé ìdí gíláàsì… ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kí ni mo fẹ́ sọ bí mo bá débẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tọ̀. Ó ṣe tán, mo ti sọ ọ́ nínú ọkàn mi, ilé ò wó. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ mi jáde, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré, ọmọdé lè pè é. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò tíì pè é fún ẹnikẹ́ni láyé yìí, àfi ọkàn mi tó ń da ara rẹ̀ láàmú láti ìgbà tí mo ti kírun Àsùbáà tán.

Òtútù òwúrọ̀ yìí kò mọ àgbà. A tò sẹ́yìn ara wa lẹ́bàá ògiri, láti ẹnu ọ̀nà GP, ilé dókítà wa ní Peckham, títí dé ibi tí wọ́n ń gbé bíìnì ìdọ̀tí sí, gbogbo wa ń wo ilẹ̀kùn tó tì pa. Wọ́n sì wà nínú ilé o. Iná wọn ń tàn. Mo rí ọwọ́ kan tó gbé kọ́ọ̀bù tíì kọjá lójú fèrèsé. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tèmi ni èrò tò sí báyìí, ijó ni ǹ bá máa jó. Àwọn eléyìí rí èrò, wọ́n fa kọ́tìnnì.

Àpótí ni mò ń tà ní ọjà East Street ní Lọ́ńdọ̀nù yìí, àpótí onítáyà, èyí tí àwọn èèyàn wa fi ń kó ẹrù lọ sílé. Làtíìfù Alápòótí. Láti Walworth Road dé Bermondsey, ẹni tí kò mọ ojú mi mọ ohùn mi. Oníbàárà á wà ní òdìkejì ọjà, á ti máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mo máa pè é lẹ́ẹ̀kan péré, á yí padà. Ohùn yìí ló bọ́ ọmọ mi. Ohùn yìí náà ló kó bá mi lọ́dọ̀ Bethany.

Bethany… Òun ni ọmọ tó máa ń jókòó nídìí gíláàsì, tó ń yan ẹni tó máa rí dókítà. Orúkọ rẹ̀ wà láyà rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nígbà tí èmi fúnra mi ṣì ń pè wọ́n lórí fóònù, mo kàn ní kí n jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti ń gbọ́ orin tí wọ́n fi ń dá wa dúró lórí fóònù yẹn láti ìgbà tí mo ti jí, orin kan náà, etí mi ti gbóná. Kò tíì jẹ́ kí n dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. 'Sir, if you carry on shouting, I'm going to end this call.' Ta ló ń pariwo? Mi ò pariwo. Ohùn mi nìyẹn! Bí mo bá pariwo ni, Bethany ì bá mọ̀ pé mo pariwo. Ó sì gé ipè náà mọ́ mi létí.

Ìgbà yẹn ni Nusaybah gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi obìnrin. Council, ìjọba ìbílẹ̀, ló ń bá ṣiṣẹ́, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn tútù bá àwọn tó ń bínú sọ̀rọ̀, ó sì ń fi bá bàbá rẹ̀ náà sọ̀rọ̀. 'Daddy, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ṣe é. Ẹ máa ń pariwo, they don't like it. Everything is on the app now anyway.' Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí mo bí ṣe di ẹnu mi. Ó rọrùn nígbà náà. Ọ̀fìnkìn, ojú tó ń ro, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru… Nusaybah á tẹ nǹkan kékeré lójú fóònù, wọ́n á dá a lóhùn. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé mo bímọ.

Àfi ìgbà tí nǹkan yìí dé.

Sobo ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Hamid, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà, ìyàwó rẹ̀ ló se é wá, ó dùn, mo mu ún kọjá ààlà. Nígbà tí mo lọ tọ̀, tí mo rí àwọ̀ pupa yẹn, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní sobo rèé o, bó ṣe wọlé náà ló ṣe jáde. Mo ṣíwọ́ sobo, ó lọ. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ bá ìyàwó Hamid ṣeré pé ó fẹ́ pa mí. Lẹ́yìn náà… ó padà wá. Kò sí sobo nílé, kò sí sobo lọ́jà, mi ò sì jẹ ohun tó pupa rárá. Ó kàn wà nínú àwo funfun ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn. Kò dùn mí, kò ta mí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn gan-an, pé kò dùn mí. Ohun tó bá ń dunni, èèyàn lè bá a jà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èmi Làtíìfù! Mo tọ̀ tán, mo da omi sí i, mo tún da omi sí i, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Mìsítúrà, ìyàwó mi, dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ mú ìbàdí. 'Bàbá Nusaybah, kí ló dé? Wáàsí wo lẹ gbọ́?' Mo ní ìmọ́tótó wà lára ìgbàgbọ́. Kí ni mo gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ó pe àbúrò rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó ń ròyìn mi. 'Ọkọ mi ti yí padà o! Ó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀!' Wọ́n jọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun lórí fóònù. Mo wà lórí ibùsùn, mo ń wo òkè àjà, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

Mi ò lè sọ fún un. Mìsítúrà kì í pa nǹkan mọ́ra. Bó bá gbọ́ báyìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, Abẹ́òkúta ti gbọ́, gbogbo mọ́ṣáláṣí wa ní Old Kent Road ti gbọ́, wọ́n ti ń ṣàdúrà fún mi tẹkúntẹkún, wọ́n ti ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Mo ti sá sẹ́yìn ní mọ́ṣáláṣí tẹ́lẹ̀ ná. Èmi tí mo máa ń wà ní ìlà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń dúró sí báyìí, kí n lè tètè jáde, kí n lè tún àlùwàlá ṣe, nítorí mi ò mọ̀ mọ́ bóyá ara mi mọ́ tàbí kò mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún Nusaybah pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ̀yìn! Kí ni kí n tún sọ? Ta ni bàbá tó máa jókòó ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí á máa ròyìn ìtọ̀ fún un? Ẹ̀yìn ní ọ̀wọ̀. Ẹni tó ń gbé àpótí sókè sódò, ẹ̀yìn lè dùn ún, kò sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Èrò mi ni pé bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn gbé mi dé iwájú dókítà, tí mo bá ti jókòó, tí wọ́n ti pa ilẹ̀kùn dé, tó ku èmi àti dókítà nìkan… màá wá sọ ọ́. Ọgbọ́n ni mo pè é.

Ọgbọ́n o. Oúnjẹ alẹ́ là ń jẹ. Nusaybah gbé fóònù lé ẹ̀gbẹ́ àwo rẹ̀, ó ń bi mí ní ohun tí áàpù ń bèèrè. 'Ṣé ẹsẹ̀ yín ń kú, Daddy?' Rárá. 'Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?' Díẹ̀díẹ̀. 'Ṣé ẹ ṣubú?' Ta ló ṣubú? Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò gbójú sókè. 'Ṣé ẹ ti rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ lọ tọ̀? Sorry, Daddy. It's just what they're asking.'

Ó bi mí. Wọ́n bi mí! Ìbéèrè náà gan-an, kò tàsé, ó jókòó sáàárín ìrẹsì àti ọbẹ̀. Kí n sì tó ronú, ẹnu mi ti là: 'Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́! Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? A ò ní rí ẹ̀jẹ̀ nínú ilé yìí láéláé!' Mìsítúrà ní 'Àmín.' Nusaybah náà ní 'Àmín,' ó sì tẹ 'No'.

Àdúrà ni mo ṣe, 'No' ló tẹ̀. Mi ò purọ́. Mo ti yí i po nínú orí mi títí, mi ò sì rí ibi tí mo ti purọ́. Kí wọ́n lọ bi ẹnikẹ́ni nínú wa ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀, ohun tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n bi èèyàn bóyá ibi ti dé ilé rẹ̀, á ní ibi kò ní dé ilé òun. Ọmọ mi gan-an tó dàgbà síbí ṣe àmín! Ṣùgbọ́n áàpù kò mọ àmín. Ó rí 'No', ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní kí n lọ sí kẹ́míìsì.

Mo lọ sí kẹ́míìsì. Wọ́n fún mi ní ìpara. Mo fi pa ẹ̀yìn tí kò dùn mí, ó gbóná lọ́rùn títí dé ìdí. Mo ní kí Nusaybah sọ fún wọn pé kò lọ. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn tó ń na iṣan, àwọn physio. Àwọn yẹn kò tilẹ̀ rí mi, orí fóònù ni wọ́n ti fi àwòrán ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dùbúlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé mi, ọmọ mi ń kà á, mo ń gbé orúnkún sáyà, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀. Mìsítúrà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára mi, èmi ń gbẹ́sẹ̀ sókè. Mo dìde nílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Hamid ló tún fi ìbínú kún ìbínú mi lánàá. Òun náà gbà pé ẹ̀yìn ni. 'Làtíìfù, bí o bá fẹ́ rí dókítà ní ìlú yìí, sọ pé àyà ń dùn ọ́. Àyà ni wọ́n ń bẹ̀rù.' Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń ká aṣọ. Gbogbo ayé ń sọ àìsàn kékeré di ńlá kí wọ́n lè rí dókítà. Èmi nìkan ni mo gbé ńlá dání, tí mò ń sọ ọ́ di kékeré. Mi ò sùn dáadáa. Lówùúrọ̀ yìí, mo sọ fún wọn nílé pé mo ń lọ pàtẹ, mo wọ bọ́ọ̀sì sí ọ̀nà ibòmíràn, mo wá síbí.

Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ẹ rọra! Ẹ rọra o, ìlà ni a tò… Ó dára. Mo ti wọlé. Ooru wà níbí, ó kéré tán. Obìnrin kan ló wà níwájú mi, fìlà òwú lórí, ó kí mi ní 'Morning' kan ṣoṣo láti àárọ̀, ó yíjú padà. Ará Ghana ni. Mo mọ̀ ọ́n lára bàtà rẹ̀, àwọn èèyàn wa kò ní wọ irú bàtà yẹn jáde.

Bethany ti wà lórí àga. Kì í gbójú sókè. Ó ń tẹ nǹkan, ó ń bèèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, gbogbo wa sì ń gbọ́ ìdáhùn wọn. 'What's it regarding?' Ìyá ọlọ́mọ yẹn ní ọmọ òun ń wúkọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rọra sọ tirẹ̀ mọ́ gíláàsì, Bethany ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, etí rẹ̀ pọ́n. Bàbá òyìnbó tó di ọ̀pá mú, tó ti dé síbí ṣáájú mi, 'You'll need to go online for that, my love.' Ó ní 'my love'. Ìfẹ́ wo? Bàbá náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń lọ sínú òtútù, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń jẹ́ online. Mo fẹ́ dì í mú. Mo fẹ́ sọ pé bàbá, padà, ẹ jẹ́ ká jọ jókòó síbí, ká wo ẹni tó máa lé wa. Mi ò dì í mú.

Ṣùgbọ́n èmi kò ní lọ. Mo ti ń san owó orí ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí Bethany. Mi ò tọrọ. Mi ò wá gba nǹkan onínǹkan. Dókítà kan ni mo ní kí ó wo ojú mi.

Nítorí a ti ní dókítà rí. Ọkùnrin ará India, irun rẹ̀ funfun, yàrá rẹ̀ wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, níbi tí wọ́n to páálí sí báyìí. Ó mọ orúkọ gbogbo wa. Èèyàn á jókòó, á ní orí ló ń fọ́ òun, ọkùnrin yẹn á dákẹ́. Á kàn máa wò ọ́. Á jẹ́ kí irọ́ rẹ parí. Bí irọ́ bá ti tán lẹ́nu rẹ, òtítọ́ á tẹ̀ lé e jáde fúnra rẹ̀, kò ní bínú, á sì kọ oògùn. Bí ó bá jẹ́ òun ló jókòó níwájú mi nígbà tí mo ń pariwo 'Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́', á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, 'Yes, Mr Latifu. And now tell me.' Ó fẹ̀yìn tì. Wọ́n kó gbogbo wa fún fóònù, fóònù kò sì ní sùúrù fún irọ́ ẹnikẹ́ni.

Fóònù ń gbọ̀n nínú àpò mi. Nusaybah ni. Rárá, mi ò gbé e. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ: 'Daddy, mo ti bá yín gba ọjọ́ physio mìíràn, thank God.' Ó ń tiraka, ọmọ náà. Lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń bá mi lé wọn kiri. Dákẹ́ ná, Nusaybah. Bàbá rẹ fẹ́ ja ogun yìí fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wo ni mo fẹ́ fi jà á? 'What's it regarding?' Èèyàn mẹ́ta ló kù níwájú. Ẹ̀yìn ni ẹnu mi wí. Ó ti ṣetán. Ó ti wà lórí ahọ́n mi báyìí, ẹ̀yìn, my back, sorry to disturb you… Mo wá dúró látàárọ̀ nínú òtútù kí n lè wá tún irọ́ yẹn pa fún Bethany lójúkojú. Háà.

Ó tún ń pè. Mo ti ní mi ò gbé e…

Kápẹ́ẹ̀tì yìí. Wọn ò tíì pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì yìí. Ibi tí obìnrin onífìlà yìí dúró sí gan-an ni Mìsítúrà dúró sí lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe ròyìn fún mi. Nusaybah wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo lọ kó ọjà, ọ̀nà mi jìn, fóònù mi kò gbà. Mìsítúrà lóyún èkejì. Kò tíì pẹ́ tó dé ìlú yìí lẹ́yìn èmi àti Nusaybah, Òyìnbó kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó rí ẹ̀jẹ̀, ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ó sáré wá síbí. Ó dé ìdí tábìlì yìí, ahọ́n rẹ̀ so kọ́. Ó ń tọ́ka sí ikùn, ó ń sọ 'pain, pain'. Wọ́n ní kó lọ jókòó. Àfi bí Nusaybah ṣe dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tó gbé àgbọ̀n lé tábìlì, tó ní: 'My mummy is bleeding and there's a baby inside.'

Dókítà fúnra rẹ̀ ló sáré jáde. Oyún náà kò dúró. Ìyá rẹ̀ ló dúró. Wọ́n ní bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni…

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Aṣọ ilé ìwé ló wà lọ́rùn rẹ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Kò sọ pé ẹ̀yìn ìyá òun ló ń dùn ún. Kò ṣe àmín. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo yàrá, ìyá rẹ̀ sì wà láàyè lónìí, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi lórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi wá jókòó, mò ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pamọ́ fún ọmọ kan náà, mo ní mò ń bò ó láṣìírí, mo ní kò yẹ kí etí rẹ̀ gbọ́. Etí wo? Ẹnu rẹ̀ ti pè é rí! Kì í ṣe ọmọ yìí ni mò ń dáàbò bò. Ara mi ni. Èmi ni mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà mí, èmi Làtíìfù. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń pe ẹ̀rù náà ní ọ̀wọ̀.

Ó ń pè lẹ́ẹ̀kẹta…

Mo gbé e. Mo ti sọ ọ́. Ó ti jáde. Mi ò jẹ́ kó kí mi tán. Èdè wa ni mo fi sọ ọ́, kí àwọn tó kún yàrá yìí má bàa gbọ́. 'Nusaybah, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tọ̀. Ó ti pẹ́.' Mo rò pé mo rọra sọ ọ́ ni… àfi bí ohùn mi ṣe gba gbogbo yàrá. Ìyá ọlọ́mọ tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yíjú sí mi. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní 'Súbúhánàllàhi'. Obìnrin onífìlà yìí la ẹnu, kò lè pa á dé. Peckham! Ní Peckham tí àwọn èèyàn wa kún fọ́fọ́ ni mo rò pé Yorùbá jẹ́ àṣírí!

Kí ilẹ̀ lanu… Rárá. Kò ní lanu. Kí wọ́n gbọ́. Wọ́n ti gbọ́, mo sì ṣì wà lórí ìdúró.

Mo ń gbọ́ èémí ọmọ náà létí fóònù. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: 'Daddy. Mo bi yín.' Mo ní o bi mí lóòótọ́, àdúrà ni mo ṣe. Ó ní, 'And I pressed No.' Ó fa imú. Mo ní kó má sunkún níbi iṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, mo ní bàbá rẹ ló… Kò jẹ́ kí n parí. Ohùn tútù yẹn, ohùn council yẹn, ó ti lọ pátápátá. Ohùn tó jáde, mo mọ̀ ọ́n. Tèmi ni. Ọmọ mi ń pariwo mọ́ mi létí níbi iṣẹ́ rẹ̀! 'Níbo lẹ wà? Ṣé Bethany ló wà níbẹ̀? Daddy, ẹ gbọ́ mi. Ẹ má sọ ẹ̀yìn. Ẹ má sọ sorry. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí gan-an. Tó bá ní kí ẹ lọ online, ẹ tún un sọ. Mo ń bọ̀, I'm getting on the bus now. But don't wait for me. Ẹ pariwo, Daddy. Please. Ẹ pariwo.'

Ẹ pariwo… Èmi? Òun ló gba fóònù lọ́wọ́ mi nítorí ariwo.

Àwọn méjì tó wà níwájú rẹ̀ ti lọ, obìnrin onífìlà ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti fi ọwọ́ kan ejìká mi. 'Bàbá, ẹ bọ́ síwájú, ẹ̀yin ló kàn. Ẹ má dá a lóhùn tó bá ní kí ẹ máa lọ.' Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé! Pẹ̀lú bàtà yẹn! Mo fẹ́ ní rárá, mo fẹ́ ní mo lè dúró, ẹnu mi ti ń lọ síbẹ̀… Mo pa á dé. Mo dúpẹ́. Mo bọ́ síwájú.

Ẹsẹ̀ kan péré ni mo fi sún mọ́ ọn. Dókítà kò tíì sí. Páálí ṣì kún iwájú yàrá dókítà wa àtijọ́. Lálẹ́ òní, màá délé, màá jókòó ti Mìsítúrà, kí Abẹ́òkúta gbọ́ bó bá fẹ́ gbọ́. Ohun tó wà nínú mi ṣì wà nínú mi, mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó máa dára tàbí kò ní dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi báyìí, kò sì gbóná tó bí mo ṣe rò.

Bethany kò gbójú sókè. Ó ń tẹ nǹkan. 'What's it regarding?'

Mo ṣí fìlà mi. Mo na ẹ̀yìn mi tí kò dùn mí rí. Bethany, ọjọ́ tí o gé ipè mọ́ mi létí, mi ò pariwo. Ìsinsìnyí ni mo fẹ́ pariwo.